Ọ̀RỌ̀ MỌ́TÒ: Lọ́rì Ológun Tó Ń Ké, Ta Ló Gé Ohùn Rẹ̀?

Lẹ́tà mẹ́ta ló wà níwájú mi lórí tábìlì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ ara wọn bí ọmọ ìyá. Èkíní ti ọ̀dọ̀ oníṣòwò pákó kan wá níhìn-ín ní Ẹdẹ. Èkejì wá láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan, tí òun àti àwọn ará ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ rẹ̀ dáwó jọ ra ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ìyá oníṣu kan tí kò ní ọkọ̀ kankan, ṣùgbọ́n tó ń wọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ lọ sóko lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Lọ́rì àlòkù ọmọ ogun ni àwọn méjì àkọ́kọ́ rà ní gbàǹjo. Ti onípákó kì í fẹ́ gbéra bí awakọ̀ bá tẹná mọ́ ọn. Ti olùkọ́ a sì máa sáré fúnra rẹ̀ nígbà tí awakọ̀ ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná. Iná pupa kan ń tàn níwájú awakọ̀ nínú ọkọ̀ méjèèjì, fèrè kékeré kan sì ń ké lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù ti onípákó, tí kò jẹ́ kí ènìyàn gbọ́rọ̀. Ìyá oníṣu ní tirẹ̀ kò mọ orúkọ ohun kan lára mọ́tò, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ ló wọ̀ mí lára jù. Ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́ tíṣà, kí ni fèrè yẹn ń sọ, kí ló sì dé tí àwọn dẹrẹ́bà fi ń ní kí wọ́n bá àwọn gé e?"

Àwọn kan á ní kí ló kan olùkọ́ nínú ọ̀rọ̀ mọ́tò. Òótọ́ ni, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, sáyẹ́ǹsì ni mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń lo ọjọ́ Sátidé mi lábẹ́ igi máńgòrò ọ̀gá mẹkáníìkì àgbà kan ní ìlú yìí, tí mo ń bá a di tọ́ọ̀ṣì mú, tí mo sì ń kọ ohun tó bá sọ sínú ìwé. Bàbá náà kò rí ilé ìwé gíga wọ̀, àmọ́ iye ẹ́ńjìnnì tó ti tú ju iye ìwé tí èmi ti ṣí lọ. Tirẹ̀ pọ̀ nínú ohun tí ẹ ó kà yìí ju tèmi lọ.

Lọ́rì ológun kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, láti 1939 sí 1945, ilé iṣẹ́ Vauxhall ní Luton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe lọ́rì Bedford tó tó 250,000 fún àwọn ọmọ ogun. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lọ jagun ní Bọ́mà, nínú ẹ̀ka 81 àti ẹ̀ka 82 ti ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ẹrù orí ni ọ̀pọ̀ wọn fi la igbó ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn kọ́ mọ́tò wíwà àti mọ́tò títún ṣe níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé, ìdí mọ́tò ni àwọn yẹn jókòó sí. Bedford náà sì ni káfíńtà wa kan pákó mọ́ lẹ́yìn tó di bọ́lẹ̀kájà, tí a kọ òwe sí níwájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Mercedes 911 gba ojú pópó. Nọ́ńbà yẹn kò ṣàdédé wá: 9 dúró fún nǹkan bí tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án tí ọkọ̀ àti ẹrù jọ wọ̀n, 11 sì dúró fún agbára ẹ́ńjìnnì, nǹkan bí agbára ẹṣin 110. Ní 1980 ni ilé iṣẹ́ ANAMMCO ní Enugu bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Mercedes pọ̀ ní orílẹ̀-èdè wa, àti ológun àti oníṣòwò ló sì lo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìdí tí oníṣòwò fi ń sáré sí àlòkù ológun kò pamọ́. Irin rẹ̀ nípọn, ó ga nílẹ̀, táyà iwájú ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fà pẹ̀lú ti ẹ̀yìn, ẹrẹ̀ oko kò sì lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè ti dúró sábẹ́ òjò àti oòrùn fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó gbé e síta fún gbàǹjo. Rọ́bà inú rẹ̀ á ti gan, eku á ti jẹ wáyà, omi á ti jókòó sínú táǹkì. Ọ̀gá mi a máa sọ pé ọkọ̀ tó dúró ń ṣàìsàn ju ọkọ̀ tó ń rìn lọ, mo sì ti rí i pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, kí ẹ lè mọ ìdí tí mo fi gba ọ̀rọ̀ yìí kanrí. Mo ń ti ilé ìwé bọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo dé ìhà Òkè Gádà, lọ́rì ológun àlòkù kan sì ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn mi. Pákó ló kó, wọ́n kó iṣu lé pákó, àwọn ìyá ọlọ́jà sì jókòó lé iṣu. Mo rí i pé ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò bá ìsáré rẹ̀ mu. Awakọ̀ fi jíà wọlẹ̀, jíà náà ké, ọkọ̀ yà kúrò lọ́nà, ó sì kọrí sínú òkìtì yanrìn ẹnìkan tó ń kọ́lé. Yanrìn yẹn ni Ọlọ́run fi yọ wọ́n. Ẹnikẹ́ni kò kú, ṣùgbọ́n ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan ṣubú láti òkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ sí ọ̀nà méjì.

Awakọ̀ náà jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó di orí mú, ohun kan ṣoṣo ló sì ń tún sọ: "Ó ké fún mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ké fún mi." Nígbà tí ọ̀gá mi dé ibẹ̀, tó na ọwọ́ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó fa wáyà kan jáde tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé, tí wọ́n sì fi téèpù dúdú wé. Téèpù dúdú náà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ iná pupa. Ọlọ́kọ̀ ló pe oní-rìwáyà pé kí ó bá òun wá nǹkan ṣe sí ariwo yẹn, oní-rìwáyà sì ṣe ohun tí wọ́n rán an gẹ́lẹ́.

Oṣù mẹ́fà ni ìyá ẹlẹ́lùbọ́ fi wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun. Owó òwò rẹ̀ ló fi ra oògùn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní kíláàsì mi nígbà náà. Ní táàmù tó tẹ̀ lé e, mo pe orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ púpọ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a sì máa dáhùn pé ó ń kiri omi ní gáréèjì.

Kí ni fèrè yẹn ń sọ? Ìyá oníṣu, ẹ gbọ́ o. Bíréèkì mọ́tò kékeré, òróró ló ń ṣe é: ẹ tẹ̀ ẹ́, òróró sáré gba inú páìpù lọ sí ẹsẹ̀ táyà, ó sì fún un pa. Ṣùgbọ́n agbára ẹsẹ̀ ènìyàn kan kò tó láti dá lọ́rì tó kó pákó dúró. Nítorí náà, nínú ọ̀pọ̀ lọ́rì ológun àtijọ́, bíi M35 ti Amẹ́ríkà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1950, àti Bedford MK tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lò láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, wọ́n fi afẹ́fẹ́ ran òróró lọ́wọ́. Ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kọ̀mpírẹ́sọ̀ wà lára ẹ́ńjìnnì, bíi ti fọkanáísà gan-an. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí, òun náà ń yí, ó ń fún afẹ́fẹ́ sínú táǹkì irin tó wà lábẹ́ ọkọ̀. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, afẹ́fẹ́ á jáde láti inú táǹkì, á ti òróró pẹ̀lú agbára, òróró á sì mú táyà. Bí afẹ́fẹ́ bá tán, ẹsẹ̀ awakọ̀ nìkan ló kù. Bíréèkì á le bí òkúta lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ọkọ̀ á sì máa lọ.

Òǹkà tí fọkanáísà fi ń wọn táyà náà la fi ń wọn afẹ́fẹ́ yìí. Bí táǹkì bá kún dáadáa, gééjì á wà láàrin 100 sí 120. Bí ó bá jábọ́ sí nǹkan bí 60, fèrè á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹ kíyè sí i pé kò dúró di ìgbà tí afẹ́fẹ́ tán kó tó ké. Ó ń ké nígbà tí ó ṣì ku èyí tí awakọ̀ lè fi dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà lálàáfíà. Ní ààfin Tìmì níhìn-ín, onílù ni ń fi ìlù sọ ẹni tó ń wọlé bọ̀ fún Ọba. Tìmì Adétóyèṣe Láoyè, tó wà lórí oyè láti 1946 sí 1975, mọ ìlù lù fúnra rẹ̀, òkìkí rẹ̀ sì kàn dé òkè òkun nítorí rẹ̀. N kò tí ì gbọ́ pé ọba kan fi ọ̀bẹ ya awọ dùndún nítorí pé àlejò tí dùndún kéde kò wù ú.

Ó yá, báwo la ṣe ń wádìí rẹ̀? Ọ̀gá mi kì í fọwọ́ kan sípánà kó tó wo gééjì. Bí fèrè bá ń ké tí gééjì sì wà nísàlẹ̀, òótọ́ ni fèrè ń sọ, afẹ́fẹ́ kò tó. Bí fèrè bá ń ké tí gééjì sì wà lókè, ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ń purọ́, kò sì tọ́ kí a gba èyí tó tù wá nínú gbọ́. Àwọn kan nínú ọkọ̀ ológun ní ẹnu kan lára táǹkì tí a lè gbà fún táyà. Níbẹ̀ ni ọ̀gá ti ń ní kí fọkanáísà fi gééjì tirẹ̀ wọ̀n ọ́n. Bí gééjì fọkanáísà bá sọ 110 tí fèrè ṣì ń ké, nígbà náà ni kí ẹ tó lọ pe oní-rìwáyà, kó wo wáyà tó bó tàbí súwíìṣì tó ti kú. Ẹ rán an létí pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ológun, fóltì 24 ni iná wọn, bátìrì méjì tí a so pọ̀, kì í ṣe 12 bíi ti mọ́tò kékeré. Ẹni tó bá fi fèrè tàbí gílóòbù mọ́tò kékeré sí i, iná á jó o, ọ̀rọ̀ á sì tún di pé "ọkọ̀ yìí ni kò gba àtúnṣe".

Bí afẹ́fẹ́ ni kò tó lóòótọ́, ohun méjì péré ló lè fà á: bóyá kò wọlé tó, tàbí ó ń jáde. Ẹ jẹ́ kí táǹkì kún, kí ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi òkúta há táyà, kí ẹ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì. Ẹ wo aago. Láàrin ìṣẹ́jú kan, gééjì ọkọ̀ kan ṣoṣo tí kò fa tírélà kò gbọdọ̀ jábọ́ ju 2 lọ. Kí ẹnìkan wá tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ kó má gbẹ́sẹ̀. Nígbà tí gééjì bá ti jábọ́ lẹ́ẹ̀kan tó sì dúró, ẹ tún ka ìṣẹ́jú kan: kò gbọdọ̀ ju 3 lọ. Bí ó bá jò nígbà tí a kò tẹ̀ ẹ́, ẹ wá a lára táǹkì, páìpù àti oríkèé wọn. Bí ó bá jẹ́ ìgbà tí a tẹ̀ ẹ́ nìkan ló ń jò, fáàfù abẹ́ ẹsẹ̀ tàbí awọ rọ́bà inú ẹ̀rọ tó ń ti òróró ni kí ẹ fura sí. Láti rí ojú ibẹ̀ gan-an, ẹ po ọṣẹ mọ́ omi nínú igbá, ẹ fi kànrìnkàn tọ́ ọ sí oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ ni. Ìyẹn kò ná ẹnikẹ́ni lówó, síbẹ̀ mo ti rí mẹkáníìkì tó ta kọ̀mpírẹ́sọ̀ odidi fún ènìyàn nígbà tí ó jẹ́ pé rọ́bà kékeré kan ló ya.

Ẹ má gbàgbé omi inú táǹkì. Afẹ́fẹ́ tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ ń fún ní ọ̀rinrin nínú, ó ń di omi, ó sì ń jókòó sísàlẹ̀, pàápàá ní irú àkókò òjò yìí. Kọ́ọ̀kì kan wà lábẹ́ táǹkì fún dída á nù. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló yẹ kí ọmọ ọkọ̀ máa ṣí i. Ìgbà tí a ṣí ti ọkọ̀ onípákó wa, omi tó jáde pọ̀ tó láti fọwọ́, ó sì dúdú fún ọ́ìlì. Ọ́ìlì tó pọ̀ nínú omi yẹn fi yé wa pé kọ̀mpírẹ́sọ̀ náà ti ń jẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tí ì kú.

Iná pupa lè ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nínú ọkọ̀ mìíràn, òróró bíréèkì tó lọ sílẹ̀ ló ń kéde. Nínú òmíràn, bíréèkì ọwọ́ tí awakọ̀ gbàgbé láti tú ni. Ti olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, òróró ni. A wo ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn lápá òsì, ó tutù rinrin. Rọ́bà inú rẹ̀ ti wú, kò sì lè di òróró mú mọ́, nítorí pé ẹnìkan ti fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kún ilé òróró bíréèkì. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kì í ṣe òróró bíréèkì! Inú ìgò lè jọra, àmọ́ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì á mú rọ́bà wọ̀nyẹn wú bí ẹ̀wà tí a rẹ sómi. Gbogbo rọ́bà bíréèkì ọkọ̀ náà ni wọ́n ní láti pààrọ̀, Ládípọ̀ ní Èkó ni wọ́n sì ti lọ wá wọn rí.

Ẹ jẹ́ kí a wá bọ́ sórí iná títẹ̀. Ọkọ̀ dísù àtijọ́ kò ní kọ̀ǹpútà. Láti abẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀, ọ̀pá irin tàbí okùn wáyà kan ló lọ tààrà sí apá kékeré kan lára pọ́ǹpù epo. Bí ẹsẹ̀ bá lọ sílẹ̀, apá yẹn á lọ síwájú, epo á pọ̀. Bí ẹsẹ̀ bá gòkè, sípíríǹgì á fà á padà. Nítorí náà, bí ọkọ̀ kò bá gbéra, ẹ kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹnìkan tẹná dé ilẹ̀, kí ẹlòmíràn ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kó wo apá pọ́ǹpù náà bóyá ó kan òpin rẹ̀. Ti onípákó kò kan án. Ihò tí wọ́n fi so ọ̀pá mọ́ra ti jẹ, ó ti fẹ̀, tó fi jẹ́ pé ìlàjì ìtẹ̀ awakọ̀ ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Ó ti ra nọ́súlù tuntun mẹ́fà kó tó kọ lẹ́tà sí mi. Nọ́súlù kò ṣe nǹkan kan.

Bí apá náà bá kan òpin rẹ̀ tí ọkọ̀ kò sì gbéra, epo ni kí ẹ tọ̀ lọ. Ẹ tú fílítà, ẹ da ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ìgò funfun, kí ẹ gbé e kalẹ̀ díẹ̀: omi á lọ sísàlẹ̀, epo á wà lókè, kálukú á sì rí ohun tó ti ń rà. Ẹ ṣí ìdérí táǹkì epo nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́; bí ó bá fa afẹ́fẹ́ sínú pẹ̀lú ariwo, tí ọkọ̀ sì yá gágá lẹ́yìn rẹ̀, ihò èémí táǹkì ló dí. Ẹ wo páìpù láti táǹkì dé pọ́ǹpù bóyá ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe pààrọ̀ nǹkan mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí mo ń sọ fún àwọn ọmọ nínú yàrá sáyẹ́ǹsì náà ni: ẹ yí ohun kan padà, ẹ wò ó, kí ẹ tó fọwọ́ kan òmíràn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bí ọkọ̀ bá tilẹ̀ yá, ẹ kò ní mọ ohun tó wò ó sàn.

Ọkọ̀ tó ń sáré fúnra rẹ̀ burú ju èyí tí kò gbéra lọ. Sípíríǹgì tó rọ̀, ẹrẹ̀ tó gan mọ́ oríkèé, kápẹ́ẹ̀tì tó ká lé iná, gbogbo wọn lè fà á. Àwọn ọkọ̀ ológun kan bíi M35 tún ní okùn kan tí a ń fi ọwọ́ fà láti mú ẹ́ńjìnnì sáré nígbà tí ọkọ̀ dúró. Bí ọmọ ọkọ̀ bá fà á ṣeré tí kò dá a padà, wàhálà dé. Ṣùgbọ́n ti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ yìí ya èmi gan-an lẹ́nu. Rọ́bà ìjókòó ẹ́ńjìnnì ló já ní apá kan. Bí awakọ̀ bá ti fi ọkọ̀ sí jíà tí ẹrù wà lórí rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, á sì fi ara rẹ̀ fa ọ̀pá iná. Ẹ́ńjìnnì ń tẹná fún ara rẹ̀! Nígbà tí ọkọ̀ bá dúró ní ṣọ́ọ̀bù, á padà jókòó dáadáa, mẹkáníìkì á ní òun kò rí nǹkan kan. Ọ̀gá mi rí i nítorí pé ó ní kí awakọ̀ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kó fi sí jíà, kó sì tú kíláǹṣì díẹ̀díẹ̀, nígbà tí òun dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣí. Ẹ̀gbẹ́ ni kí ẹ dúró sí o, ẹ má dúró síwájú.

Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ àwọn awakọ̀ kan á kọ́kọ́ sáré sórí kíláǹṣì. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì tí a gba ẹrù lórí rẹ̀ á tún sáré jù. Ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ dì í mọ́lẹ̀ ṣinṣin. Ẹ má ṣe máa tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀túnta, torí gbogbo ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ná nínú afẹ́fẹ́ táǹkì. Kí ẹ sì fa okùn tí a fi ń pa ẹ́ńjìnnì. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ dísù àtijọ́, kọ́kọ́rọ́ kì í pa ẹ́ńjìnnì. Okùn yẹn ló ń dí epo. Ẹ dán an wò kí ẹ tó kúrò ní gáréèjì, torí mo ti rí ọkọ̀ tó jẹ́ pé ìpata ti di okùn náà pa.

Onípákó béèrè bóyá àìsàn méjèèjì ọkọ̀ rẹ̀ bá ara wọn tan. Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé bí ọkọ̀ bá ń rìn geere lọ sí Òṣogbo, fèrè kì í ké, àfi bí ó bá dé inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọjà. Ẹ rántí pé ẹ́ńjìnnì ló ń yí kọ̀mpírẹ́sọ̀. Ọ̀pá tó jẹ yẹn kò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yá, wọ́n sì ti yí ìdádúró rẹ̀ sílẹ̀ jù kó má baà jẹ epo. Nítorí náà, nínú ọjà tí awakọ̀ ti ń tẹ bíréèkì ní gbogbo ìgbà, kọ̀mpírẹ́sọ̀ tó ti ń gbó ń rọra yí, afẹ́fẹ́ tó ń jáde ju èyí tó ń wọlé lọ. Wọ́n wé ihò ọ̀pá náà, wọ́n gbé ìdádúró ẹ́ńjìnnì sókè bó ṣe yẹ, ìké fèrè dín kù. Ṣùgbọ́n kò tán, mo sì ti sọ fún un pé kó má ṣe kó ẹrù títí kọ̀mpírẹ́sọ̀ á fi gba àtúnṣe. Inú rẹ̀ kò dùn sí mi. Gbèsè gbàǹjo wà lọ́rùn rẹ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ ń dúró, ọ̀sẹ̀ méjì láìkó ẹrù kì í ṣe ohun kékeré fún oníṣòwò. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo kàn ní kó bá mi rìn dé ọjà kan, kó wo bí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan ṣe ń rìn.

Ní 1977, nígbà tí Ẹdẹ ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká wà lára àwọn tó dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ náà nítorí ẹ̀mí tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Ní 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ lè wo táyà, wọ́n lè wo ìwé ọkọ̀. Wáyà tí a gé lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù kò rọrùn fún wọn láti rí. Ṣùgbọ́n ìyá oníṣu lè mọ̀ ọ́n, ohun tí mo sì kọ sí i nìyí. Bí lọ́rì afẹ́fẹ́ bá ti sùn mọ́jú, afẹ́fẹ́ táǹkì rẹ̀ á sábà ti lọ sílẹ̀. Bí awakọ̀ bá yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀ tí gééjì wà nísàlẹ̀ 60, fèrè gbọ́dọ̀ ké kí táǹkì tó kún. Ìyá, ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì tẹ́tí. Bí ó bá ké fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tó wá dákẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ gbé iṣu yín lé e. Bí gééjì bá wà nísàlẹ̀ tí ẹ kò gbọ́ nǹkan kan láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ wá ọkọ̀ mìíràn. Ẹni tó bá ń lọ ra ọkọ̀ ní gbàǹjo, kí òun náà ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí kọ́ọ̀kì táǹkì kí afẹ́fẹ́ tán, kí wọ́n tó yí kọ́kọ́rọ́ lójú òun.

Ẹni tó kọ̀wé láti Sẹ́kọ́nà nípa bátìrì tí kì í gba iná lálẹ́, mo ti rí lẹ́tà yín. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá dáhùn rẹ̀, bí ọ̀gá mi bá ti wo ọkọ̀ náà tán.